Ọ̀nà Kan Kò Wọ Ọjà: Ìtàn Ẹ̀kọ́ Ìjìnlẹ̀ Àwọn Oníṣègùn Ẹran

Ìyànà Ọ̀fà ni olú ìlú ìjọba ìbílẹ̀ Lágelú, lẹ́yìn odi Ìbàdàn. Àwọn tí ń sin adìyẹ kò kéré ní agbègbè náà. Bí lùkúlùkú bá wọ ọgbà adìyẹ, ọjọ́ mélòó kan ti tó láti sọ olówó di onígbèsè. Dókítà ẹran ni àgbẹ̀ yóò sáré pè. Ṣùgbọ́n bí dókítà náà bá ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ní yunifásítì ńkọ́? Níbo ni yóò ti kọ́ ìyókù iṣẹ́ rẹ̀?

Àrùn gan-an ni ó kọ́kọ́ la ọ̀nà ẹ̀kọ́ yìí. Ní ìparí ọ̀rúndún kọkàndínlógún, àrùn màlúù tí a ń pè ní rinderpest run agbo ẹran káàkiri ilẹ̀ Áfíríkà. Nítorí rẹ̀ ni ìjọba amúnisìn ṣe dá ilé ìwádìí sílẹ̀ ní Vom, nítòsí Jọ́ọ̀sì, ní ọdún 1924. Síbẹ̀, ọmọ Nàìjíríà tí ó bá fẹ́ gba oyè dókítà ẹran ní láti wọkọ̀ lọ sí òkè òkun.

Lẹ́yìn òmìnira ni nǹkan yí padà. Yunifásítì Ìbàdàn bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ náà ní ọdún 1963. Ti Ahmadu Bello ní Zaria tẹ̀ lé e ní 1964. Ní 1968, wọ́n dá ilé ẹ̀kọ́ kan sílẹ̀ ní Dakar fún àwọn orílẹ̀-èdè tí ń sọ èdè Faransé, Benin àti Togo wà lára wọn.

Nígbà tí ó yá, àwọn yunifásítì wọ̀nyí ń fúnni ní oyè M.Sc. àti Ph.D. Ọ̀nà ìwé àti ìwádìí nìyẹn. Òun ni ó ń mú olùkọ́ àti onímọ̀ jáde. Ọ̀nà kejì ni ti ìmọ̀ṣẹ́, níbi tí dókítà ti ń ṣe ìtọ́jú ẹran lábẹ́ ọ̀gá, tí yóò sì ṣe ìdánwò kí ó tó di àgbà oníṣègùn. Àwọn dókítà ènìyàn ti ní kọ́lẹ́ẹ̀jì tiwọn fún irú ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ láti ọdún 1979. Ti àwọn oníṣègùn ẹran kò dé títí di ọ̀rúndún kọkànlélógún. Ọ̀nà ìwé ti là tipẹ́ kí ọ̀nà ọwọ́ tó là.

Ohun tí àìdọ́gba yìí lè fà hàn ní oṣù kejì ọdún 2006, nígbà tí àrùn adìyẹ H5N1 bẹ́ sílẹ̀ ní ìpínlẹ̀ Kaduna, ìgbà àkọ́kọ́ ní Áfíríkà. Ẹni tí ó wà lóko ni yóò kọ́kọ́ fura. Vom ni wọ́n ti yẹ ẹ̀jẹ̀ àti ẹran wò. Padua ní ilẹ̀ Ítálì ni wọ́n ti fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀. Bí ẹni àkọ́kọ́ kò bá fura, kí ni àwọn méjì yòókù yóò rí yẹ̀ wò?

Ìfọwọ́sowọ́pọ̀ báyìí ni ó ṣẹ́gun rinderpest, tí a kéde ní ọdún 2011 pé ó ti kúrò láyé. Ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Àgbẹ̀ Ìyànà Ọ̀fà kò ní béèrè orúkọ oyè; ìwòsàn ni yóò béèrè. Orílẹ̀-èdè tí ó bá tún ọ̀nà kan ṣe, tí ó jẹ́ kí igbó bo èkejì, kò tíì ṣe tán láti dá a lóhùn.