Hivernage, ẹ̀ẹ̀rùn àti wákàtí oòrùn ní Àjàṣẹ́

Nígbà tí mo kọ́kọ́ ń túmọ̀ ìwé àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba Faransé láyé Dahomey, «ìgbà òtútù» ni mo kọ síbi tí wọ́n kọ hivernage sí, nítorí mo rí hiver nínú rẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ mi kan, ọmọ Àjàṣẹ́, ló bi mí pé: «Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ṣé òtútù yìí ló sọ ọ̀nà di ẹrọ̀fọ̀?» Mo padà sídìí ìwé náà. Òjò ni wọ́n ń sọ.

Ní Paris, ojúmọmọ máa ń tó wákàtí 16 ní oṣù kẹfà, kò sì ju bíi 8 lọ ní oṣù kejìlá. Ẹni tó ti ibẹ̀ wá gbà pé bí ọjọ́ bá gùn, oòrùn á pọ̀. Àjàṣẹ́ ò rí bẹ́ẹ̀. Dígírì 6,5 péré la fi jìnnà sí ìlà tó pín ayé sí méjì, nítorí náà ọjọ́ tó gùn jù fi nǹkan bí ìṣẹ́jú 45 ju èyí tó kúrú jù lọ. Oṣù kẹfà tí ọjọ́ gùn yẹn gan-an ni òjò ń rọ̀ jù. Wákàtí oòrùn yàtọ̀ sí wákàtí ojúmọmọ: bọ́ọ̀lù gíláàsì tí Campbell gbé jáde ní 1853, tí Stokes tún ṣe ní 1879, kì í jó páálí àfi tí oòrùn bá ràn dáadáa.

Oṣù kẹjọ ló ń tan ènìyàn jẹ. Omi tútù máa ń rú sókè láti ìsàlẹ̀ òkun létí ilẹ̀ wa, òjò a sì dín kù. Faransé ń pè é ní petite saison sèche. Ṣùgbọ́n òjò lọ, oòrùn ò dé, ìkúùkù ṣì bo ojú ọ̀run. Akẹ́kọ̀ọ́ náà ní ìyá òun kì í pe èyí ní ẹ̀ẹ̀rùn, nítorí àgbàdo tí wọ́n bá sá nígbà náà ń bu ni. Nígbà ọyẹ́ ẹ̀wẹ̀, eruku lè bo oòrùn, síbẹ̀ ẹ̀lùbọ́ á gbẹ kíákíá lójú afẹ́fẹ́, ẹ̀ẹ̀rùn sì ni gbogbo ayé ń pè é. Lójú tèmi, ohun tí ẹ̀ẹ̀rùn ń wọ̀n ni gbígbẹ, kì í ṣe oòrùn, bó ti wù kí ohùn ọ̀rọ̀ méjèèjì jọra tó.

Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìwé atúmọ̀-èdè nìkan. Dodds kó ọmọ ogun kúrò ní Àjàṣẹ́ ní oṣù kẹjọ 1892, wọ́n sì wọ Abomey ní oṣù kọkànlá. Bí mo bá kọ ẹ̀ẹ̀rùn sí oṣù kẹjọ yẹn, òǹkàwé á rò pé ilẹ̀ gbígbẹ ló wà níwájú wọn títí dé Abomey. Bẹ́ẹ̀ òjò kejì ń bọ̀ lóṣù kẹsàn-án, òjò àríwá sì ń kún odò Ouémé, èyí tí ọkọ̀ ogun ojú omi wọn gbà tẹ̀ lé wọn.

Nínú ìtúmọ̀ mi tuntun, hivernage ti di «ìgbà òjò». Petite saison sèche ni mo pè ní «ìdákẹ́ òjò oṣù kẹjọ». Ó gùn díẹ̀, ṣùgbọ́n akẹ́kọ̀ọ́ mi ní ìyá òun á gbà á.