Láti Oríta Orè dé Ayé Inú Kọ̀ǹpútà

Ẹnikẹ́ni tí ó bá ti wọ ọkọ̀ láti Èkó lọ sí Ìbíní rí mọ Orè. Ìlú yìí ni olú-ìlú Ìjọba Ìbílẹ̀ Odígbó. Ibẹ̀ ni ọ̀nà tí ó ti Oǹdó wá àti èyí tí ó lọ sí Òkìtìpupa ti pàdé ọ̀nà ńlá. Nítorí oríta yìí ni àwọn ọmọ-ogun Biafra ṣe gba ibẹ̀ wá ní ọdún 1967, nígbà tí wọ́n ti la Ìbíní kọjá, tí wọ́n sì kọjú sí Èkó. Orè ni a ti dá wọn padà, ìjà náà sì di ohun tí àwọn àgbà fi ń ṣe àkàwé ohunkóhun tí ó bá le.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe ti ogun ni mo fẹ́ sọ. Ohun tí ó máa ń yà mí lẹ́nu ní Orè ni àwọn obìnrin tí ń ta búrẹ́dì àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ ní ibùdókọ̀. Ọ̀kan nínú wọn a fi Ìgbò kí èrò tí ń lọ sí ìlà-oòrùn, a fi Ẹ̀dó ná ọjà pẹ̀lú ẹni tí ń bọ̀ láti Ìbíní, a fi Haúsá dá awakọ̀ tírélà lóhùn, kí ó tó padà sí èdè ìyá rẹ̀. Kò sí olùkọ́ tí ó kọ́ ọ. Ọkọ̀ tí kò ní pẹ́ ṣí ni olùkọ́ rẹ̀: bí ọ̀rọ̀ kò bá tètè yọ lẹ́nu rẹ̀, owó ti lọ nìyẹn.

Èmi tí mo kọ́ èdè Faransé fún ọdún márùn-ún ní ilé-ẹ̀kọ́ girama ń kọ́? Mo lè to ọ̀rọ̀-ìṣe Faransé lẹ́sẹẹsẹ bí ẹni ń ka ìlẹ̀kẹ̀. Nígbà tí mo dé Àjàṣẹ́ ní ilẹ̀ Benin, mi ò lè béèrè omi tútù. Mo ń kálòlò níwájú ìyá kan títí ó fi rẹ́rìn-ín, tí ó sì bi mí ní Yorùbá pé, “Kí ni ẹ ń wá gan-an?”

Àwọn ọ̀mọ̀wé wa ti mọ àìsàn yìí tipẹ́. Ìdí nìyẹn tí a fi ń rán àwọn tí ń kọ́ Faransé ní yunifásítì lọ sí ilẹ̀ tí wọ́n ti ń sọ ọ́ fún ọdún kan. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn ètò àtúntò ọrọ̀-ajé ọdún 1986, náírà já wálẹ̀, owó ìrìn-àjò sì di ẹrù tí ó wúwo. Ní ọdún 1991 ni ìjọba àpapọ̀ dá Abúlé Èdè Faransé sílẹ̀ ní Àjárá, lẹ́bàá Àgbádárìgì. Bí a kò bá lè gbé ọmọ lọ sí ilẹ̀ Faransé, kí á kọ́ ilẹ̀ Faransé kékeré kan sí etí ọ̀sà. Ọgbọ́n náà kò ṣàjèjì ní ibòmíràn: ní Minnesota ní Amẹ́ríkà, wọ́n ti ń kó àwọn ọmọdé lọ sí irú abúlé bẹ́ẹ̀ láti ọdún 1961, Jámánì ni wọ́n sì fi bẹ̀rẹ̀. Àgọ́ ẹ̀tàn ni, bí ẹ bá fẹ́ pè é bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ebi tí ń pa akẹ́kọ̀ọ́ níwájú alásè tí ń retí Faransé lẹ́nu rẹ̀ kì í ṣe ẹ̀tàn.

Láti ibẹ̀ sí inú kọ̀ǹpútà, ìṣísẹ̀ kan péré ni. Ní ọdún 1990, Pavel Curtis dá LambdaMOO sílẹ̀, ilé ńlá kan tí a fi kìkì ọ̀rọ̀ kọ́, tí àwọn ènìyàn láti ọ̀nà jíjìn ń wọ̀ láti bá ara wọn sọ̀rọ̀. Ní 1994 ni schMOOze University tẹ̀ lé e fún àwọn tí ń kọ́ Gẹ̀ẹ́sì: kò sí àwòrán, kò sí ohùn, ohun tí o bá tẹ̀ ni o jẹ́. Nígbà tí Second Life dé ní 2003, ènìyàn di ère tí ń rìn ní ọjà tí kò sí. Àǹfààní rẹ̀ kò kéré. Ìtìjú ni ó ń di èdè mọ́ àgbàlagbà lẹ́nu. Ẹni tí ó wọ ojú ẹlòmíràn kì í bẹ̀rù ẹ̀rín. Bí mo bá ti fi ojú ère lọ sí Àjàṣẹ́, bóyá n óò rí omi mu.

Síbẹ̀, ọkọ̀ kì í ṣí ní ayé yẹn. Ẹni tí kò rí ọ̀rọ̀ sọ lè pa ẹ̀rọ kí ó lọ sùn. Èyí tí ó tún ká mi lára jù ni pé ẹnu ọ̀nà ayé wọ̀nyí ní èdè tirẹ̀, Gẹ̀ẹ́sì sì ni lọ́pọ̀ ìgbà. Ẹni tí ó lówó dátà, tí iná sì wà nílé rẹ̀, ni ó ń dé ibẹ̀ pàápàá.

Nígbà tí mo dé Orè kẹ́yìn, mo bá ọ̀dọ́mọkùnrin kan lẹ́yìn ilé ìtajà, tí ó ń fi fóònù ta ayò ogun pẹ̀lú àwọn ọmọ Bùràsíìlì. Ó ń pariwo ìkìlọ̀ sí wọn ní èdè Potogí, wọ́n sì ń dá a lóhùn. Ó ní inú eré náà ni òun ti gbọ́ ọ. Ìyá-ìyá rẹ̀ yọ jáde, ó sì fi ẹ̀ka-èdè Ìkálẹ̀ rán an níṣẹ́ omi. Ó gbọ́ ọ yékéyéké, nítorí pé ó gbé korobá. Ṣùgbọ́n Gẹ̀ẹ́sì ni ó fi dá ìyá àgbà náà lóhùn.