Flora, fauna... olú ńkọ́?

1/ Ẹ̀yin èèyàn mi, ìdánwò kékeré kan rè é: ẹ dárúkọ olú mẹ́ta lédè Yorùbá. Ẹ má sá lọ sórí Google o! Èmi gan-an, "olú" lásán ni mo mọ̀ títí di àsìkò òjò tó kọjá. Ẹ bá mi ká lọ.

2/ Òjò ti rọ̀ mọ́jú lọ́jọ́ náà. Mo rí ìyá kan lẹ́bàá ọ̀nà Àbẹ̀rẹ̀, níbi tí sẹkitéríàtì ìjọba Ọ̀ṣun wà l'Óṣogbo, tó pàtẹ olú sórí ewé. Mo ní, "Ẹ kú ọjà mà. Olú wo lèyí?" Wọ́n rẹ́rìn-ín: "Olú ṣáà ni, ọmọ mi. Ìyá mi n'Iléṣà ló mọ orúkọ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì ti papòdà."

3/ Ọ̀rọ̀ yẹn ò kúrò lọ́kàn mi. Mo wá rí i pé kì í ṣe àwa nìkan ni orúkọ olú ń yọ lẹ́nu. Ní 1737, Carl Linnaeus ará Sweden gbé ìwé Flora Lapponica jáde nípa ewéko. Ní 1746, ó gbé Fauna Suecica jáde nípa ẹranko. Títí dòní, flora ni ewéko ibì kan, fauna ni ẹranko ibẹ̀.

4/ Olú ńkọ́? Nínú ìwé tó ṣe ní 1753, àárín ewéko ni Linnaeus kó wọn sí. Bẹ́ẹ̀, olú kì í fi oòrùn ṣe oúnjẹ bí ewé. Ohun tó ti kú, tó ń jẹrà, ni ọ̀pọ̀ wọn ń jẹ. Ọdún 1969 ni Robert Whittaker ará Amẹ́ríkà ya ìdílé ńlá kan sọ́tọ̀ fún wọn nínú ètò tirẹ̀. Ohun tó tiẹ̀ yani lẹ́nu ni pé wọ́n bá ẹranko tan ju bí wọ́n ṣe bá ewéko tan lọ!

5/ Ìdílé ti wà, àmọ́ kò sí ọ̀rọ̀ kan gbòógì tó lè dúró ti flora àti fauna. Ní 2018, Francisco Kuhar, Giuliana Furci àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn méjì dábàá pé kí gbogbo ayé máa lo "funga": gbogbo olú àti àwọn ìbátan rẹ̀ tó wà níbì kan, títí kan ìwúkàrà àti ohun tó ń hù lára búrẹ́dì tó ti bu. Ní 2021, ìgbìmọ̀ kan nínú àjọ IUCN ní kí wọ́n máa pe mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀: flora, fauna, funga.

6/ Ẹnì kan á ní, "Ṣebí ọ̀rọ̀ lásán ni." Rárá o. Ohun tí kò lórúkọ kì í wọ fáìlì. Ohun tí kò wọ fáìlì, ta ló fẹ́ kà á, ta ló fẹ́ dáàbò bò ó? Nígbà tí Chile tún òfin àyíká rẹ̀ ṣe ní 2010, wọ́n fi olú sí i. Furci wà lára àwọn tó jà fún un.

7/ Ó yá, ẹ jẹ́ ká padà sílé. Igbó Ọ̀ṣun l'Óṣogbo: ohun ìṣẹ̀ǹbáyé orílẹ̀-èdè ni láti 1965, UNESCO sì gbà á wọlé ní 2005. Àkọsílẹ̀ rẹ̀ sọ pé ó ní irú ewéko tó lé ní 400. Ó dáa, àmọ́ iye ewéko nìyẹn. Olú kì í ṣe ewéko.

8/ Nílé Yorùbá, olú ti ní orúkọ tirẹ̀ tipẹ́. Ní 1975, B. A. Oso ti Yunifásítì Ìbàdàn kọ̀wé nípa olú àti àwa Yorùbá sínú ìwé ìròyìn sáyẹ́ǹsì Mycologia. Orúkọ Yorùbá dúró níbẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ Látìn. Ní 1977, ó tún kọ òmíràn nípa olú nínú ìtàn àti ìṣègùn wa. Ó fi 43 ọdún ṣáájú àbá 2018 yẹn!

9/ Ẹ wo olúọ̀rán, Termitomyces microcarpus. Ikán ló ń sìn ín. Wọ́n á rún igi àti ewé gbígbẹ wọ inú ilẹ̀, ohun tó ń di olú á máa hù lórí ẹ̀, ikán á sì máa rí jẹ. Bí òjò bá wá rọ̀, olú kéékèèké á yọ lọ́pọ̀ yanturu. Láìsí ikán, kò sí olúọ̀rán. Gbogbo ọ̀gán tí katakata bá wó, oko ẹnì kan ló wó yẹn.

10/ Ẹsẹ̀ adìẹ náà wà, Schizophyllum commune, tó máa ń hù lára igi tó ti kú. Orúkọ yìí kì í ṣe ẹ̀ṣọ́ o. Òun làwọn ìyá wa fi ń ya èyí tí à ń jẹ sọ́tọ̀ sí èyí tó ń pani. Bí gbogbo ẹ̀ bá di "olú ṣáà ni," ewu ti wọlé.

11/ Nítorí náà, ẹ pe ìyá àgbà yín lónìí. Ẹ bi wọ́n: kí lorúkọ ẹ̀, ibo ló ń hù, oṣù wo? Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀ yìí pẹ̀lú orúkọ ìlú yín. (Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ti ìdí fọ́tò jẹ olú tẹ́ ẹ ò mọ̀!)

12/ Èmi ti bẹ̀rẹ̀: olúọ̀rán, ẹsẹ̀ adìẹ. Ẹ̀kẹta dọwọ́ yín.