Kíkọ Ìwé àti Ṣíṣe Ìṣirò Lórí Íntánẹ́ẹ̀tì Láìsan Owó

Lẹ́tà ìwáṣẹ́, àkọsílẹ̀ ìpàdé ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, ìwé owó oníṣòwò àti ìbéèrè ìdánwò wà lára ohun tí ẹ̀yin ará ìpínlẹ̀ wa ń fi kọ̀ǹpútà tẹ̀ lójoojúmọ́. Àwọn kan gbà pé wọn kò lè ṣe é láìra Microsoft Office. Nígbà tí owó rẹ̀ kò sì sí, wọ́n ń gba ayédèrú. Ayédèrú bẹ́ẹ̀ lè gbé kòkòrò wọnú kọ̀ǹpútà, kí ó ba iṣẹ́ jẹ́ tàbí kí ó jí pásíwọ́ọ̀dù báńkì. Ọ̀nà ọ̀fẹ́ tó bófin mu wà.

Àwọn irinṣẹ́ tó wà
Google Docs, tó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2006, wà fún ìwé kíkọ. Google Sheets sì wà fún ìṣirò. Ẹni tó bá ti ní Gmail lè lò wọ́n. Àyè ìpamọ́ ọ̀fẹ́ rẹ̀ jẹ́ 15 GB, èyí tí Google Drive, Gmail àti Google Photos jọ ń lò. Microsoft pẹ̀lú ní Word àti Excel ọ̀fẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì fún ẹni tó bá ní àkáǹtì rẹ̀.

Àǹfààní wọn
Bí ẹ ṣe ń tẹ ìwé ni ó ń pa ara rẹ̀ mọ́. Bí iná bá lọ tàbí tí fóònù bá sọnù, ẹ ó bá iṣẹ́ yín lórí ẹ̀rọ mìíràn. Bí ẹlòmíràn bá ṣi nǹkan pa rẹ́, ẹ lè padà sí ẹ̀dà ti tẹ́lẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ tẹ̀ ẹ́ jáde níta, ẹ kọ́kọ́ sọ ọ́ di PDF, kí ìlà àti àmì ohùn má baà yí padà.

Bí dátà bá ṣòro
Ẹ lo LibreOffice, tó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2010. Ọ̀fẹ́ ni. Lẹ́yìn tí ẹ bá ti gbà á sórí kọ̀ǹpútà lẹ́ẹ̀kan, kò nílò íntánẹ́ẹ̀tì mọ́, ó sì lè ṣí ìwé tí wọ́n fi Word kọ.

Ìkìlọ̀ wa
• Bí ẹ bá ń fi ìwé ránṣẹ́, ẹ yan ohun tí ẹni náà lè ṣe: kíkà nìkan, fífi èrò sí i, tàbí àtúnṣe.
• Ẹ má ṣe ṣí ìwé tó ní nọ́ńbà NIN, BVN tàbí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ sílẹ̀ fún gbogbo ẹni tó bá rí líǹkì rẹ̀.
• Bí ẹ bá lo kọ̀ǹpútà ẹlòmíràn, ẹ jáde kúrò nínú àkáǹtì yín kí ẹ tó dìde.
• Google lè pa àkáǹtì tí ẹnikẹ́ni kò lò fún ọdún 2 rẹ́. Ẹ máa wọlé sí i lóòrèkóòrè, kí ẹ sì fi ẹ̀dà ìwé pàtàkì pamọ́ síbòmíràn.