Adágún Orí Òkè Adó-Àwáyè: Kí Ló Gbé Àwọn Baba Ńlá Wa Débẹ̀?

Ẹ ti rí fọ́tò yẹn lórí Instagram: àwọn ọ̀dọ́ gbé báàgì kọ́ ẹ̀yìn, wọ́n pa àgọ́ sórí àpáta, adágún omi wà lẹ́yìn wọn. Adó-Àwáyè nìyẹn, nítòsí Ìsẹ́yìn ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́. Ìyákẹ́ ni adágún náà ń jẹ́.

Bí wọ́n ṣe máa ń ṣe é ni pé wọ́n á gun àtẹ̀gùn 369 lọ́sàn-án Sátidé, wọ́n á sùn mọ́jú, wọ́n á wo bí oòrùn ṣe ń yọ, wọ́n á sì sọ̀ kalẹ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á kọ ọ́ sábẹ́ fọ́tò pé irú adágún yìí kò ju méjì lọ láyé, èkejì wà ní Colorado, ní Amẹ́ríkà.

Ẹ jẹ́ ká yẹ ọ̀rọ̀ yẹn wò. Hanging Lake ni wọ́n ń pe ti Colorado. Omi ìsun ló ń bọ́ ọ, ẹfun inú omi náà ló sì mọ etí adágún náà díẹ̀díẹ̀. Ti wa kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Àpáta líle ni òkè Adó-Àwáyè, kì í fa omi mu, kòtò orí rẹ̀ ló gba omi dúró. Tó bá sì jẹ́ adágún orí òkè lásán là ń kà, Adágún Oku ní Cameroon ga ju mítà 2,000 lọ. Nítorí náà, ká máa pariwo "méjì péré" kò sọ ohun tó ṣe pàtàkì fún wa. Ìbéèrè tó yẹ ká bi ara wa ni pé: kí làwọn èèyàn ń wá lórí àpáta tẹ́lẹ̀?

Ẹ̀mí wọn ni wọ́n ń wá. Láàárín ọdún 1830 sí 1840, Ọ̀yọ́ Ilé tú, ogun sì gba ilẹ̀ Yorùbá kan. Ẹ̀gbá sá wá sábẹ́ Olúmọ. Dahomey kọ lu Abẹ́òkúta ní 1851, ó tún padà wá ní 1864. Ní 1886, ó run Kétu. Wọ́n ń kó èèyàn lẹ́rú. Ní irú àsìkò bẹ́ẹ̀, ẹni tó wà lókè rí ọ̀tá kó tó dé, òkúta tó bá sì yí sílẹ̀ ti di ohun ìjà. Ìtàn Adó-Àwáyè fúnra rẹ̀ sọ pé orí òkè ni ìlú wà tẹ́lẹ̀.

Ṣùgbọ́n òkè nìkan kò tó. Àwa tá à ń ra omi lọ́wọ́ mẹ́ruwà mọ̀ ọ́n: ọjọ́ tí kò bá wá, gbogbo ilé ló dàrú. Ẹ wá rò ó pé ọmọ ogun yí ẹsẹ̀ òkè ká fún oṣù kan. Bí omi kò bá sí lókè, òùngbẹ á lé yín sọ̀ kalẹ̀ wá bá wọn. Àpáta tó ń gba omi dúró, odi ìlú ni.

Àwọn mìíràn kò rí òkè gùn, orí omi gan-an ni wọ́n kọ́lé sí. Bí àwọn èèyàn Ganvié ṣe dé orí adágún Nokoué ní Benin nìyẹn, nígbà tí wọ́n ń sá fún àwọn tó ń kó ẹrú.

Nígbà tí ogun rọlẹ̀, ọjà, ọ̀nà mọ́tò àti ilé ìwé fa àwọn ará òkè sísàlẹ̀. Ìdànrè sọ̀ kalẹ̀ ní 1923. Ní Adó-Àwáyè náà, ìlú ti wà nísàlẹ̀, ṣùgbọ́n Ìyákẹ́ kò di ohun ìgbàgbé. Àwọn tó ń wá ọmọ ṣì ń lọ tọrọ níbẹ̀.

Ìdí nìyí tí mo fi ń sọ fún yín pé, tẹ́ ẹ bá lọ sùn níbẹ̀, ẹ kó ọ̀rá píọ̀-wọ́tà yín sọ̀ kalẹ̀. Ẹ bi ẹni tó ń mú yín rìn pé ibo làwọn ará ìjọ́sí ń gbé. Òru ọjọ́ kan lẹ̀yin lò. Àwọn kan bí ọmọ, wọ́n sì sin òkú wọn sórí irú àpáta bẹ́ẹ̀.

Kẹ́ ẹ tó sùn lálẹ́ òní, ẹ pe ìyá àgbà tàbí bàbá àgbà yín lórí fóònù. Ẹ bi wọ́n pé: nígbà ogun, ibo ni ìlú wa sá sí, omi wo ni wọ́n sì ń mu? Ẹ tẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́. Ẹni tó mọ̀ ọ́n kò ní wà níbẹ̀ títí láé. Ó dìgbà o.