Diori Hamani àti Ìdílé Àwọn Ẹlòmíràn

Bí òṣìṣẹ́ ìjọba bá kú, ohun méjì ni a sábà máa ń kọ sínú ìwé ìkéde òkú rẹ̀: pé ó fẹ́ràn ìyàwó àtọmọ, àti pé ó sin ìlú tọkàntọkàn. Ọ̀rọ̀ méjèèjì máa ń dúró lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, àfi bíi pé ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nílé kò kan ti ọ́fíìsì. Lójú tèmi, a kò lè yà wọ́n bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ìlú bá fi sípò, ohun tí ìwé tó fọwọ́ sí ṣe fún ìdílé àwọn ẹlòmíràn ni a fi ń mọ bí ìfẹ́ ìdílé rẹ̀ ṣe jinlẹ̀ tó. Ẹni tí mo fẹ́ fi ojú yìí wò ni Diori Hamani, ààrẹ àkọ́kọ́ orílẹ̀-èdè Nìjẹ̀r. Ó tó àkókò kí a wò ó dáadáa, nítorí ó ju ìdajì àwọn ará Nìjẹ̀r lọ tí kò tíì pé ogún ọdún. Ní Katako, ọjà Niamey tí wọ́n ti ń rẹ́ pákó, tí wọ́n sì ń rọ irin àlòkù, ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ ni kò ní ohun mìíràn tí wọ́n fi mọ̀ ọ́n ju orúkọ rẹ̀ tó wà lára pápákọ̀ òfurufú lọ.

Soudouré, nítòsí Niamey, ni wọ́n bí i sí ní 1916. Òṣìṣẹ́ ìlera lábẹ́ ìjọba Faransé ni bàbá rẹ̀. Ó kàwé ní ilé-ẹ̀kọ́ Victor Ballot ní Àjàṣẹ́, ó sì tibẹ̀ lọ sí William Ponty ní Senegal, níbi tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn tí yóò di olùkọ́ àti akọ̀wé fún gbogbo ìwọ̀ oòrùn Áfíríkà tó wà lábẹ́ Faransé. Ó di olùkọ́. Ó kọ́ àwọn ènìyàn ní èdè Haúsá àti Zarma ní Paris. Ọ̀gá ilé-ìwé ló jẹ́ ní Niamey nígbà tí òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dá ẹgbẹ́ òṣèlú PPN sílẹ̀ ní 1946. Ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n lẹ́yìn náà, lóru ọjọ́ 15 oṣù kẹrin 1974, àwọn ọmọ ogun Seyni Kountché gba ìjọba lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n sì pa Aïssa, ìyàwó rẹ̀. Ó lo ọdún mẹ́fà lẹ́wọ̀n. Nígbà tó jáde ní 1980, wọ́n há a mọ́ ilé títí di 1987. Rabat ní Mòrókò ni ó kú sí ní oṣù kẹrin 1989. Ta ni yóò gbọ́ èyí tí àánú kò ní ṣe? Ṣùgbọ́n àánú kì í ṣe ẹ̀rí, mo sì rò pé àwọn tó ń gbèjà rẹ̀ ti gbára lé e jù. Ìyà tí wọ́n fi jẹ ènìyàn kò sọ bí ó ṣe ṣiṣẹ́ nígbà tí agbára wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Iṣẹ́ náà ni kí a wò. Nígbà tí ogun Biafra ń jà, Houphouët-Boigny ti Ivory Coast, tí òun àti Diori jọ wà nínú ẹgbẹ́ òṣèlú RDA láti ìbẹ̀rẹ̀, fọwọ́ sí Biafra gẹ́gẹ́ bí orílẹ̀-èdè ní oṣù karùn-ún 1968. Ọ̀dọ̀ Biafra ni ojú Faransé náà wà. Diori kò bá wọn lọ. Ó jókòó nínú ìgbìmọ̀ tí àjọ àwọn orílẹ̀-èdè Áfíríkà yàn sí ọ̀rọ̀ Nàìjíríà, Niamey sì ni ìgbìmọ̀ náà ti pàdé ní oṣù keje ọdún yẹn. Gowon wá síbẹ̀, Ojukwu náà wá. Ogun kò tìtorí ìyẹn dáwọ́ dúró, òótọ́ ni. Àwọn kan yóò sì sọ pé nítorí ara rẹ̀ ló ṣe é: ẹ̀pà Nìjẹ̀r ń gba ilẹ̀ Nàìjíríà kọjá dé èbúté, Haúsá ẹ̀yìn ààlà àti Haúsá Kano sì jẹ́ ẹbí kan náà. Mo gbà bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ta ló ni ẹ̀pà náà? Àwọn àgbẹ̀ Maradi àti Zinder ni, àwọn tí owó orí, aṣọ ọmọ àti oúnjẹ ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn wọn wà nínú rẹ̀. Olórí tó fi ojú ọ̀rẹ́ àtijọ́ àti ojú Faransé sílẹ̀ nítorí irú ìdílé bẹ́ẹ̀ ti ṣe iṣẹ́ ìlú.

Ibi tó ti dùn mí ni 1963. Nìjẹ̀r àti Dàhòmì, tí í ṣe Benin lónìí, ń jà lórí erékùṣù Lété nínú odò Ọya, ìjọba Diori sì pàṣẹ ní òpin ọdún yẹn pé kí àwọn ará Dàhòmì kúrò ní ilẹ̀ òun. Akọ̀wé, olùkọ́ àti oníṣòwò pọ̀ nínú wọn. Faransé ló kó ọ̀pọ̀ nínú àwọn akọ̀wé náà wá, nítorí pé Dàhòmì ti ní ilé-ìwé ṣáájú. Àwọn ni wọ́n ń kọ ìwé ní ọ́fíìsì Niamey nígbà tí àwọn ọmọ Nìjẹ̀r tó kàwé ṣì kéré. Bàbá ni wọ́n nílé, òṣìṣẹ́ ìjọba ni wọ́n níta. Èmi kò sì lè gbójú fo èyí: Àjàṣẹ́, ní ilẹ̀ wọn, ni Diori fúnra rẹ̀ ti kàwé. Àwọn kan ń dá a láre pé orílẹ̀-èdè tuntun gbọ́dọ̀ fi iṣẹ́ sílẹ̀ fún ọmọ tirẹ̀, pé Abidjan ti lé àwọn ará Dàhòmì ṣáájú ní 1958, Busia ti Ghana náà yóò sì lé àwọn àjèjì ní 1969, tí Yorùbá pọ̀ láàárín wọn. Pé ọ̀pọ̀ ìjọba ṣe ohun kan kò sọ ohun náà di ẹ̀tọ́. Ìjọba lè máa fi ọmọ ìlú rọ́pò àjèjì díẹ̀díẹ̀, kí ó san owó iṣẹ́ wọn, kí ó jẹ́ kí ọmọ parí ọdún ìwé rẹ̀. Àṣẹ ìbínú kò fi àyè irú ìyẹn sílẹ̀.

Ọ̀dá tó bẹ̀rẹ̀ ní 1968 ni àwọn ológun fi dá ara wọn láre: wọ́n ní àwọn èèyàn ìjọba fi oúnjẹ ìrànwọ́ ṣòwò. Diori kọ́ ló dá òjò dúró, lóòótọ́. Síbẹ̀ àwọn darandaran tí ẹran wọn ti kú tán ń gbé ní àgọ́ Lazaret lẹ́yìn Niamey, pínpín oúnjẹ fún wọn sì jẹ́ iṣẹ́ ìjọba rẹ̀. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyẹn, kí a kọ ọ́ sílẹ̀ pé nígbà tí wọ́n lé e kúrò, ó wà lẹ́nu ìdúnàádúrà pẹ̀lú Faransé kí owó uranium tí wọ́n ń wà ní Arlit lè pọ̀ sí i fún Nìjẹ̀r. Mo ka èyí sí iṣẹ́ tó dára jù lọ tó dáwọ́ lé, kò sì rí i parí.

Ní 2005, ilé-ẹjọ́ àgbáyé ní The Hague dá ẹjọ́ erékùṣù odò Ọya láàárín Nìjẹ̀r àti Benin. Nìjẹ̀r gba mẹ́rìndínlógún nínú márùn-úndínlọ́gbọ̀n, Lété sì wà lára wọn. Lórí ilẹ̀, Diori jàre. Ọ̀rọ̀ ààlà àti ilẹ̀ nìkan ni orílẹ̀-èdè méjèèjì gbé lọ síwájú àwọn adájọ́. Kò sí èyí tó bèèrè ohun tó tọ́ sí àwọn akọ̀wé 1963 àti àwọn ọmọ wọn.