Ta Ni Ó Ṣàwárí Omi Gbígbóná Ìkógòsì?

Ohun tí ó mú wa kọ àpilẹ̀kọ yìí ni gbólóhùn kan tí a máa ń bá pàdé nínú àròkọ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa ní Ajégúnlẹ̀: 'Òyìnbó ni ó ṣàwárí omi gbígbóná Ìkógòsì.' Àwọn olùkọ́ kan a fa igi pupa sí i. Àwọn mìíràn a fún un ní máàkì. Èwo ni ó tọ̀nà?

Àárín òkè àti igbó ni Ìkógòsì wà ní ilẹ̀ Èkìtì. Nígbà tí a kó àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lọ síbẹ̀, a gba Ìbàdàn àti Iléṣà kọjá sí Ẹ̀fọ̀n Aláayè kí a tó dé ibẹ̀. Ìsun méjì ni a bá, ọ̀kan gbóná, èkejì tutù. Wọ́n pàdé, wọ́n sì jọ ń ṣàn lọ. Ọmọ kan ki ẹsẹ̀ kan bọ ti gbígbóná, ó ki èkejì bọ ti tútù, ó ní, 'Sà, òótọ́ mà ni!'

Ìtàn àtẹnudẹ́nu sọ pé orogún ni omi méjèèjì. Onínúfùfù ni ọ̀kan, oníwà pẹ̀lẹ́ ni èkejì. Ọkọ wọn ni ó di òkè. Ní ti àwọn onímọ̀ nípa ilẹ̀, omi òjò ni ó ń gba ojú sísán òkúta wọlẹ̀ lọ. Bí ó ti ń jìn sí i ni ooru inú ilẹ̀ ń mú un gbóná, kí ó tó tún sun jáde. Kì í ṣe òkè oníná ni ó ń sè é. Níbi tí ó ti pàdé omi tútù, ooru rẹ̀ sún mọ́ ti ara ènìyàn, tí í ṣe 37 lórí òṣùwọ̀n Celsius.

Ti òyìnbó ńkọ́? Láàárín ọdún 1950 sí 1959 ni John McGee, ajíhìnrere Ìjọ Onítẹ̀bọmi láti Amẹ́ríkà, tẹ àgọ́ dó sí ẹ̀bá omi náà. Àgọ́ yìí wà lára ohun tí ó jẹ́ kí òkìkí ibẹ̀ kàn. Ìtàn orogún kò lè sọ ọdún fún wa, ṣùgbọ́n ó fi hàn pé omi náà ti ní ipò nínú èrò àwọn ará ìlú. Ẹni tí ó bá onílé létí omi kò ṣàwárí omi, àlejò ni. Nítorí náà, 'tẹ àgọ́ dó' ni ó yẹ kí a gbà, kì í ṣe 'ṣàwárí'.

Kí olùyẹ̀wò sì kíyè sí ìpínlẹ̀ pẹ̀lú. Láti 1976, Ìpínlẹ̀ Oǹdó ni Ìkógòsì wà; láti ọjọ́ kìíní oṣù kẹwàá ọdún 1996 ni ó ti di ara Ìpínlẹ̀ Èkìtì. Ọmọ tí ó kọ 'Oǹdó' lè jẹ́ pé ìwé àtijọ́ ni ó kà.

Ọ̀rọ̀ yìí ju máàkì lọ. Ọmọ Ìlàjẹ, Ìjọ, Ìgbò àti Urhobo ni ó jókòó pọ̀ mọ́ ọmọ Yorùbá yòókù ní kíláàsì wa. Bí a bá kọ́ wọn pé àlejò ni ó ṣàwárí omi onílé, wọn yóò gbà pé Ajégúnlẹ̀ pàápàá kò ní ìtàn, àfi tí ará òde bá wá kọ ọ́.